Nọ́mbà Tí Tàjùdéèn Kò Tẹ̀

Àdá ni Ṣàkírù mú wá sí ọ́fíìsì Tètèdé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kò sì fi í pamọ́ rárá. Ó dúró síwájú géètì, ó ń fi ẹ̀yìn àdá náà gbá irin, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń pè.

“Tàjùdéèn! Jáde wá! Ìwọ lo pa Sàúdátù! Tó o bá jẹ́ ọkùnrin, jáde wá bá mi!”

Jórinjórin ni Ṣàkírù, ọmọ Ìsẹ́yìn tó háyà yàrá ní Ìbàfò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyàwó rẹ̀ kú sórí ìrọbí, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì sin ín. Tètèdé ló ké sí pé kí wọ́n wá gbé e lọ sọ́síbítù. Iṣẹ́ tí Tètèdé ń ṣe nìyẹn: èèyàn á ṣí ojú ewé wọn lórí fóònù, á kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ àti ibi tó wà síbẹ̀, ètò orí kọ̀ǹpútà wọn á sì tari iṣẹ́ náà sí fóònù awakọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Láti Mowe títí dé Ifọ̀, àwọn èèyàn gbọ́kàn lé wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ṣàkírù kọ ọ́, ó tún un kọ, ọkọ̀ kankan ò wá. Ọmọ yè, ìyá ò yè.

Insípẹ́kítọ̀ Sẹ̀gilọlá Ògúnkànmí bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, kò ga, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. Ó rìn tààrà lọ bá ọkùnrin náà, títí tó fi jẹ́ pé àdá nìkan ló wà láàárín wọn.

“Ṣàkírù, ta ló ń tọ́jú ọmọ?”

Ṣàkírù wò ó bí ẹni pé èdè mìíràn ló sọ. “Ìyá mi ni, mà.”

“Tí mo bá tì ọ́ mọ́lé lónìí nítorí Tàjùdéèn, kí ni ìyá ẹ á sọ fún ọmọ yẹn tó bá dàgbà? Gbé àdá yẹn fún sájẹ́ǹtì mi. Màá ṣèlérí kan fún ọ: ẹni tó bá ṣe é, ojú ẹ ni màá ti mú un.”

“Ẹ ó tú u sílẹ̀ lẹ́yìn náà, mà. A mọ ọlọ́pàá.”

“O mọ ọlọ́pàá. O ò tíì mọ̀ mí.”

Ṣàkírù gbé àdá náà sílẹ̀, àmọ́ kò lọ sílé. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan ní òdìkejì títì, ó tẹjú mọ́ géètì bí ológbò tó ń ṣọ́ ihò eku.

Nínú ọ́fíìsì, Dókítà Afọlábí tó ni Tètèdé ń rìn síwá sẹ́yìn. Àwọn méjì ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà fún un: Tàjùdéèn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá láti ìhà Ọ̀ṣun, àti Ọmọ́níkẹ́, ọmọbìnrin Ifọ̀. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tí ọ̀sẹ̀ bá kàn á pa ètò náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á sì tún un jí. Ọ̀sẹ̀ Tàjùdéèn ni wọ́n wà. Látìgbà tí Sàúdátù ti kú, Dókítà ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà mọ́ títí ọlọ́pàá á fi dé.

“Ṣàlàyé fún mi bíi pé mi ò rí kọ̀ǹpútà rí,” ni Sẹ̀gilọlá sọ fún Tàjùdéèn.

“Ẹ wò ó bí àpótí tí wọ́n ti dì pa, mà. Kọ̀ntéénà là ń pè é. Gbogbo bó ṣe máa ṣiṣẹ́ ti wà nínú ẹ̀, a kì í tú u. Ṣùgbọ́n kò mọ nọ́mbà awakọ̀, torí awakọ̀ lè yí padà nígbàkígbà. Torí náà, ìta la ti máa ń sọ ọ́ fún un nígbà tó bá ń jí. Wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ fún un, fáríébù là ń pè é. NOMBA_AWAKO la sọ orúkọ tiwa. Nọ́mbà tó bá gbọ́ nígbà tó ń jí, òun ló máa dì mú títí a ó fi pa á.”

“Níbo lẹ kọ nọ́mbà náà sí?”

“Inú fáìlì kékeré kan báyìí, mà.” Ó ṣí i. Dókítà fi wé nọ́mbà awakọ̀ tó wà nínú fóònù rẹ̀. Wọ́n bára mu.

“Ẹ ti rí i!” ni Tàjùdéèn ké. “Nọ́mbà tó tọ́ ló wà níbẹ̀. Mi ò yí nǹkan kan padà!”

Sẹ̀gilọlá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ lo fi hàn mí. Ohun tí àpótí yẹn fúnra ẹ̀ gbọ́ ńkọ́? Ṣé a lè bi í?”

Ó hàn gbangba pé kò sẹ́ni tó ronú kan ìyẹn láàárín wọn. Tàjùdéèn tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó bi kọ̀ntéénà náà léèrè nọ́mbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdáhùn jáde. Tàjùdéèn ranjú mọ́ ọn.

Nọ́mbà náà kì í ṣe ti awakọ̀. Kò jọ ọ́ rárá.

“Tàjùdéèn!” Dókítà fò dìde. “Ìwọ lo jí i lọ́jọ́ Ajé! Ìwọ nìkan! O pa obìnrin aboyún!”

“Ẹ jókòó, Dókítà.” Sẹ̀gilọlá fi fóònù rẹ̀ pe nọ́mbà náà. Wọ́n ti pa á. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. “Ohun tí a rí yìí, àwa mẹ́ta nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wá sọ fún mi, ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí?”

“Kò burú tó báyìí. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan, tó bá ti jẹ́ ọ̀sẹ̀ Tàjùdéèn, ọkọ̀ á máa pẹ́. Àwọn èèyàn á máa bú wa. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ Ọmọ́níkẹ́, kò sí wàhálà. Mo ti kìlọ̀ fún un.”

“Ó ń pẹ́ ni, àbí kì í dé?”

“Ó ń dé. Ó kàn ń pẹ́ ni.”

Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lu tábìlì. “Tí iṣẹ́ náà bá ń lọ sí nọ́mbà yìí, Dókítà, báwo ni awakọ̀ yín ṣe ń gbọ́ rárá?”

Òun fúnra rẹ̀ ló dá ara rẹ̀ lóhùn.

“Ẹnì kan ló ń gbà á. Á dì í mú fúngbà díẹ̀, á wá fi ránṣẹ́ sí awakọ̀. Ta ló máa ń wo nọ́mbà tí iṣẹ́ ti wá nígbà tí aláìsàn ń kú lọ? Ẹni yẹn ò wá ikú aláìsàn. Ohun tó ń wá ni pé kí ọkọ̀ máa pẹ́, ní ọ̀sẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo.” Ó wo Tàjùdéèn. “Ìwọ ni wọ́n ń dọdẹ. Ta lo ṣẹ̀?”

“Mi ò ṣẹ ẹnì kankan, mà. Mo fi Ọlọ́run búra.”

“Má tíì búra.”

Ó ní kí sájẹ́ǹtì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn mú un lọ sí téṣàn. Ó lè jẹ́ ọ̀daràn, ó sì lè jẹ́ ẹran tí wọ́n fẹ́ pa. Bó ti wù kó jẹ́, Ṣàkírù ṣì wà ní òdìkejì títì.

Wọ́n pe Ọmọ́níkẹ́ wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí Sẹ̀gilọlá dáadáa kó tó jókòó. Ọmọ tó mọ́ tónítóní ni, tó máa ń rora sọ̀rọ̀.

“Iṣẹ́ tí Ṣàkírù rán ò dé ọ̀dọ̀ awakọ̀,” ni Sẹ̀gilọlá wí. “Kí lo rò pé ó fà á?”

“Tàjùdéèn ló jí ètò náà, mà. Òun ni kí ẹ bi.”

“Ìjà wà láàárín yín?”

“Rárá, mà. Iṣẹ́ ló pa wá pọ̀.”

“Tó bá lọ sẹ́wọ̀n ńkọ́?”

“Kó lọ.” Ó sọ ọ́ wéré, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹni tó kú ni mo káàánú, mà. Bóyá ẹni tí fóònù yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an ò mọ̀ pé ẹnì kan ń kú lọ.”

Sẹ̀gilọlá ò ṣẹ́jú. “O ṣeun, ọmọ mi. Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ.”

Nígbà tí ilẹ̀kùn padé, Sẹ̀gilọlá ro ọ̀rọ̀ náà wò. Òun sọ fún ọmọbìnrin náà pé iṣẹ́ ò dé ọ̀dọ̀ awakọ̀. Òun ò sọ pé ó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Fóònù wo ló wá ń jẹ́ fóònù yẹn?

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ò tó láti fi mú èèyàn. Ọmọ́níkẹ́ ò sí nídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Ajé, gbogbo ọ́fíìsì ló rí Tàjùdéèn tó jókòó síbẹ̀. Ẹnì kan sì tún wà tí Dókítà dárúkọ: Àbdùlsàmàd, tí wọ́n lé kúrò níbi iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, tó sì dúró lẹ́nu géètì ṣépè pé Tètèdé á tú.

Akute ni wọ́n ti bá a, nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

“Mo ṣépè, mà. Mi ò jiyàn,” ni Àbdùlsàmàd wí. “Wọ́n lé mi láìtọ́. Tí Tètèdé bá wó lónìí, màá jó. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi aboyún gbẹ̀san.”

“Ǹjẹ́ o lè wọ inú kọ̀ǹpútà wọn láti ibí yìí?”

“Ọjọ́ tí wọ́n lé mi náà ni Ọmọ́níkẹ́ yọ orúkọ mi kúrò. Ọmọ yẹn kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìparí. Ẹ bi Dókítà.”

Sẹ̀gilọlá ti bi í. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dókítà ṣe wí. Àwọn tí àṣẹ kọ̀ǹpútà náà wà lọ́wọ́ wọn ò ju méjì lọ mọ́.

“Ràn mí lọ́wọ́ nígbà náà. Nọ́mbà tó wà nínú fáìlì tọ̀nà. Èyí tó wà nínú kọ̀ntéénà ò tọ̀nà. Báwo?”

Àbdùlsàmàd rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dùn mọ́ ọn pé ẹnì kan ṣì ń bi í léèrè. “Ẹ̀ ń wo fáìlì, mà. Ẹni tó jí i ni kí ẹ wò. Tí ẹni tó ń jí i bá ti gbé nọ́mbà kan wọlé pẹ̀lú orúkọ fáríébù yẹn, tirẹ̀ ni kọ̀ntéénà máa gbọ́. Kò ní ka ti fáìlì sí.”

“Kó máa gbé e láìmọ̀?”

“Ó rọrùn. Olúkúlùkù ló ní orúkọ tó fi ń wọ kọ̀ǹpútà yẹn. Fáìlì kan sì fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan tó máa ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ bí onítọ̀hún bá ti wọlé. Tí mo bá ní àṣẹ, mo lè kọ ìlà kan ṣoṣo síbẹ̀. Onítọ̀hún ò ní rí i. Ọ̀rọ̀ tó ti ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló máa tẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́mbà tèmi ló máa jáde.”

“Tí ẹlòmíràn bá jí i ńkọ́?”

“Á jí dáadáa, mà. Ẹni tí wọ́n fi ṣe nìkan ni.”

Sẹ̀gilọlá dìde. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ ń pẹ́ àti àwọn tí kì í pẹ́ ti bára mu lọ́kàn rẹ̀ wàyí.

Nígbà tó padà dé ọ́fíìsì Tètèdé, ó ní kí Ọmọ́níkẹ́ pa ètò náà kó sì tún un jí, kó wá bọ́ síta. Dókítà bi kọ̀ntéénà léèrè: nọ́mbà awakọ̀ ló sọ, kò ṣìnà. Wọ́n gba ẹ̀yìn mú Tàjùdéèn wọlé. Òun náà pa á, ó jí i, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì tẹ̀, Dókítà dúró lẹ́yìn rẹ̀ ó ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n bi kọ̀ntéénà.

Nọ́mbà àjèjì nì ló tún jáde.

“Lójú mi báyìí?” Dókítà fọwọ́ dì mọ́ àga. “Kò tẹ nọ́mbà kankan! Mo ń wò ó!”

“Tàjùdéèn, ṣí fáìlì tó fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ ẹ.”

Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn àyè òfìfo gígùn tí kò sẹ́ni tó máa ń yí kọjá, ìlà kan wà níbẹ̀: NOMBA_AWAKO, àti nọ́mbà àjèjì náà níwájú rẹ̀. Tàjùdéèn gbé orí lé ọwọ́, ó bú sẹ́kún.

Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi dáhùn ìbéèrè tí Sẹ̀gilọlá ti fi ránṣẹ́ láàárọ̀. Jésùlayọ̀mi lorúkọ ẹni tó ni síìmù náà, Ifọ̀ ló sì ń gbé.

Ìyá àgbàlagbà kan ló ṣílẹ̀kùn fún wọn ní Ifọ̀. Nígbà tó gbọ́ orúkọ tí ọlọ́pàá pè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ẹ ní kí Jésùlayọ̀mi wá? Ibo ni kó ti wá? Ó ti kú. Ọ̀kadà tó gbé e ni tírélà kọlù, ní ojú ọ̀nà yìí. Ọlọ́kadà dìde, ó sá lọ. Wọn ò rí i mú títí dòní.” Ó fi etí aṣọ nu ojú. “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí ni ìrántí ẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ la jọ lọ sídìí sàréè. Ilẹ̀ ṣú ká tó kúrò.”

“Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ńkọ́, mà? Kí lorúkọ ẹ̀?”

“Ọmọ́níkẹ́. Mowe ló ti ń ṣiṣẹ́. Bóyá ẹ tiẹ̀ mọ̀ ọ́n.”

Nígbà tí wọ́n pe Ọmọ́níkẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ó rí Tàjùdéèn lórí àga, ó rí ìlà náà lójú kọ̀ǹpútà, kò sì kúnlẹ̀ mọ́.

“Mo ti Ifọ̀ dé,” ni Sẹ̀gilọlá wí. “Fóònù àbúrò ẹ dà?”

Ọmọ́níkẹ́ ṣí báàgì rẹ̀, ó gbé fóònù kékeré kan sórí tábìlì. Kò wo ọlọ́pàá, kò wo Dókítà. Tàjùdéèn ló ń wò.

“O ò tiẹ̀ mọ̀ mí,” ló sọ. “Ọjọ́ tó o wọ ọ́fíìsì yìí, o rẹ́rìn-ín sí mi, o ní ẹ káàárọ̀. Lọ́jọ́ tó o fi ọ̀kadà gbé àbúrò mi, orí ọ̀kadà kejì ni mo wà, lẹ́yìn yín. Mo rí ẹ nígbà tó o dìde. Jésùlayọ̀mi ń na ọwọ́ sí ẹ. O wò ó! O wo ojú ẹ̀, o gbé ọ̀kadà ẹ, o sá!”

“Wọn ì bá dáná sun mí,” ni Tàjùdéèn sọ. “Àwọn èèyàn ti ń sáré bọ̀.”

“Kí wọ́n dáná sun ẹ́!” Ohùn Ọmọ́níkẹ́ ya. “Ikú ti rọrùn jù fún ẹ. Mo fẹ́ kí orúkọ ẹ bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó má sẹ́ni táá gbà ẹ́ síṣẹ́ mọ́, kí àwọn èèyàn máa tutọ́ tí wọ́n bá rí ẹ. Mo fẹ́ kó jẹ́ fóònù Jésùlayọ̀mi ni igbe àwọn tó ń wá ìrànlọ́wọ́ á máa dé sí, torí òun náà ké, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.”

“Sàúdátù ńkọ́?” ni Sẹ̀gilọlá béèrè.

Ìbínú náà fò lọ lójú Ọmọ́níkẹ́ bí iná tí wọ́n da omi sí. “Gbogbo iṣẹ́ tó bá wọlé ni mo máa ń fi ránṣẹ́, mà. Mo kàn máa ń dá a dúró díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo pa fóònù náà. Ìdí sàréè la wà. Mi ò fẹ́ kó dún lórí ẹ̀.”

“Ìgbà wo lo tún tàn án?”

“Nígbà tí mo délé.”

Sẹ̀gilọlá lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n pe ẹni tó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù wá.

Ṣàkírù wọlé. Ó kọ́kọ́ dojú kọ Tàjùdéèn, ìkúùkù rẹ̀ ti dì. Sẹ̀gilọlá mú un léjìká. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí dé ìdí, kò fi ọ̀kadà pamọ́, kò fi sàréè pamọ́. Ó pẹ́ kí Ṣàkírù tó yí ojú sí Ọmọ́níkẹ́.

“Ìwọ?”

“Ẹ dákun,” ni Ọmọ́níkẹ́ wí. “Kì í ṣe ìyàwó yín ni mo...”

“Iṣẹ́ tí mo rán, ṣé ó dé ọ̀dọ̀ ẹ?”

“Ó dé.”

“Ṣé o kà á?”

Ó dorí kodò. “Mi ò lè kà á tán.”

“Gbé e. Kà á sí mi létí.”

Dókítà ní ìyẹn ò sí nínú òfin. Sẹ̀gilọlá gbé ọwọ́ sókè, Dókítà sì dákẹ́. Ọmọ́níkẹ́ tan fóònù àbúrò rẹ̀.

“‘Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ìbàfò la wà, ẹ̀yìn mọ́sálásí.’”

“Òmíràn.”

“‘Mo ti dúró sójú títì kí ẹ lè rí mi. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa ni mo wọ̀.’”

“Òmíràn.”

“‘Ó ti bímọ, obìnrin ni. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ dé?’” Omijé ti ń dà sórí fóònù náà. “‘Ó ń bi mí bóyá ẹ ń bọ̀. Mo ní ẹ ti dé kọ́nà.’”

“Ó kù.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà.”

“Mo ní ó kù.”

Ọmọ́níkẹ́ gbé fóònù náà sún mọ́ ojú.

“‘Ẹ má wá mọ́.’”

Tàjùdéèn ti kọjú sí ògiri. Sẹ̀gilọlá yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó bọ́ síwájú, ṣùgbọ́n Ṣàkírù fa àga kan, ó gbé e síwájú Ọmọ́níkẹ́, ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ẹni tí kò ní ibì kankan láti lọ.

“Tún un kà,” ló sọ. “Láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Insípẹ́kítọ̀ dúró, ó di ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú lọ́wọ́, kò tíì lò ó.